Ààwẹ̀ Tó Wọ Wọ́ọ̀dù Ọkùnrin

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun wà lẹ́yìn mi, mo máa ń yíjú wo ẹ̀yìn bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìfura mi ti pọ̀ jù. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ìfura loògùn àgbà, pé ibi tí mo ti ra oògùn tèmi, ó wọ́n mi gan-an. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní Sabon Gari nílùú Kánò, láàárín ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí wọ́n ń bára wọn díje lórí ẹ̀rọ ta ló máa pariwo jù. Wọ́ọ̀dù obìnrin wà lókè, ti ọkùnrin wà nísàlẹ̀, èmi sì ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀. Dókítà kan ló ni ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé nídìí iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ó tún ní kílíníìkì kékeré kan nítòsí Airport Road, ibẹ̀ ló sì máa ń wà láti àárọ̀ títí ọ̀sán á fi pọ́n. Bó bá ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́hùn-ún, a lè pe fóònù rẹ̀ títí ọwọ́ á fi ro wá, kò sẹ́ni tó máa gbé e.

Ẹni tó wà láàárín àwa àti dókítà ni Mátírónì. Nígbà tí ọkọ mi gbé mi wá sí Kánò, tí mi ò gbọ́ Hausa kọjá sannu, obìnrin yìí ló gbà mí síṣẹ́. Òun ló fi ilé tí a kọ́kọ́ gbé hàn wá. Òun ló mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí òun ti jẹ́ Ìyá Ìjọ, nígbà tí mo sì bímọ obìnrin, òun ló wẹ ọmọ náà fún mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí ìyá mi ò lè wá láti Ọ̀ṣun. Lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń pè é ní Mà. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i bí ẹni ń kí ìyá rẹ̀. Mi ò sọ eléyìí láti fi wá ojúure o. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣúgà. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, nítorí egbò ẹsẹ̀ ni dókítà wa mọ̀ jù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ń pa èèyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé èyí tó bá lọ sílẹ̀ jù ń tètè pani ju èyí tó ga lọ. Lọ́jọ́ kan, ṣúgà ọkùnrin kan já wálẹ̀ lójú wa. Ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn, gúlúkóòsì tó máa gbà á là sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fara tì. Òfin wa ni pé nọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ fi í sára ẹnikẹ́ni àfi kí dókítà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. A pè é títí. Kó tó gbé fóònù, gìrì ti mú ọkùnrin náà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kì í ṣe àwa.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Mátírónì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní, “Mà, nọ́ọ̀sì tó kàwé, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, tó tún mọ oògùn rẹ̀, kí ló tún ń dúró dè?”

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Kí lo fẹ́ ká ṣe?”

Mo sọ fún un. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fún aláìsàn ní gúlúkóòsì lójú ẹsẹ̀, kó tó wá pe dókítà. Kí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, kó tó gba àṣẹ. Mo ní màá kọ́ wọn fúnra mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí ó fi máa mọ́ wọn lára.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó pè mí. “Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní ó dáa. Ìwọ ni kó o ṣáájú wọn. Má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo wà lẹ́yìn rẹ.”

Inú mi dùn débi pé mo jó ní ilé ìdáná mi lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ọmọ mi ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ẹni tí kò bá ṣe nọ́ọ̀sì rí lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún mélòó la ti ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni, sà,” tí a ń dúró kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá sọ ohun tí ojú wa ti rí fún wa. Nígbà tó sì di pé mo ní láti kọ́ àwọn yòókù, èmi fúnra mi ni mo ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń gbọ̀n, tí mò ń sọ ìsọkúsọ, tí wọ́n á sì máa sá sókè sódò láti gbà mí là. Ẹ̀rín pa wá. Nọ́ọ̀sì kan wà tó kéré jù nínú wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò, tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tó jẹ́ Píjìn ló fi ń dáni lóhùn. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ tó dá a ṣe fún aláìsàn gidi, tí mo dé tí mo bá ọkùnrin náà tó jókòó tó ń bèèrè omi, ó ní, “Aunty, I no even shake.” Mo gbá a mọ́ra níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Báyìí la ṣe ń bá a lọ fún oṣù bíi mélòó kan, Mátírónì ló sì máa ń jábọ̀ fún dókítà, nítorí ọ̀gá wa kì í ka ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ.

Nígbà náà ni alásè kan dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọkùnrin tó sanra ni, ó ní ilé oúnjẹ ní Sabon Gari níbí, ó sì tún máa ń dáná fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ìjọ wa ni, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè nídìí orin. Egbò àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló gbé e wá, àtọ̀gbẹ sì ni ìdí rẹ̀. A máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlìn láràárọ̀ kó tó jẹun. Aláwàdà ni. Oúnjẹ tó bá ti ilé oúnjẹ rẹ̀ wá, á tọ́ ọ wò, á ní láti ìgbà tí òun ti dùbúlẹ̀ ni ìyàwó òun ti bá ọbẹ̀ jà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni bàbá Hausa kan láti Tarauni wà, àgbàlagbà tí kò lálejò púpọ̀. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn.

Abẹ́rẹ́ ínsúlìn ní òfin kan tí mi ò fi ṣeré rí: kò gbọ́dọ̀ wọ ara ẹni tí oúnjẹ ò bá sí níwájú rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí abọ́ ògì gbígbóná níwájú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ki ṣíbí bọ inú ògì. Mo ní, “Ẹ jẹ ẹ́ tán o, sà.” Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n máa ń kọ́ alásè ní oúnjẹ jíjẹ ni?” Mo gún un, mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ wẹ egbò ẹnìkan ní ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù.

Mi ò tíì wẹ egbò náà tán tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀. “Ta ló kàn? Ẹ wá jókòó, ẹran ṣì wà!” Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà rẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin, ó ń fi ọwọ́ bu nǹkan tí kò sí nínú ìkòkò tí kò sí, ojú rẹ̀ kò sì dá mi mọ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré yẹn ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́mọ ìka rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ hàn mí. Ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

A ò lè fi nǹkan sí i lẹ́nu mọ́, torí ó lè pá a lórí. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gba oògùn sí iṣan rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń fún un ní gúlúkóòsì, díẹ̀díẹ̀, mò ń pè é lórúkọ. Ibi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣí bọ̀ ni Mátírónì wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan. Ọkùnrin náà lajú, ó rí i, ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun.” Sírínjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ro nǹkan kan sí i. Ẹni tó jí ló ṣe pàtàkì.

Dókítà pe padà nígbà tó yá. Mátírónì ló gba fóònù, ó sì jáde síta lọ bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo rí oúnjẹ. Mo rí ṣíbí. Mo wo abọ́, ó mọ́ féfé. Ọkùnrin tó jẹ odindi abọ́ ògì àti mọ́ínmọ́ín, báwo ni ṣúgà rẹ̀ ṣe lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bàbá ará Tarauni ló fọwọ́ pè mí. Ojú tì í. Ó ní, “Malama, shi ya ba ni. Ya ce azumi yake yi.” Alásè ló fún òun ní oúnjẹ náà, ó ní òun ń gbààwẹ̀.

Mo yí sí alásè. “Sà, ṣé òótọ́ ni?”

Ó tẹ orí ba. Ìjọ wa wà nínú ààwẹ̀ lóòótọ́, ti ìmúrasílẹ̀ fún ìsọjí, ẹnu kì í kan nǹkan títí di ọ̀sán. Èmi náà mọ̀, mò ń gbà á. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń gba ínsúlìn, lè máa gbà á. “Àmọ́ mo rí yín tí ẹ ki ṣíbí bọ ògì!”

“Mò ń bá bàbá rò ó ni, kó má baà dì. Ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n.” Alásè ni lóòótọ́, kò lè rí ògì tó ń dì kó má rò ó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó gún mi lọ́kàn. “Ìyá ní kò séwu. Wọ́n ní mo lè gbààwẹ̀ náà, pé àwọn á sọ fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kí ẹ má gún mi láàárọ̀. Nígbà tí ẹ wá gún mi, mo rò pé abẹ́rẹ́ mìíràn ni.”

Ìyá náà ni Mátírónì. Kò sọ fún wa. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó máa jiyàn. Ẹkún ló bú sí. Ó ní ó yọ lọ́kàn òun, pé ètò ìsọjí ló gba òun lọ́kàn, pé nígbà tí òun gbọ́ ariwo látìsàlẹ̀ ni òun tó rántí. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Ọmọ mi, fi bò mí ná. Bí ọ̀gá bá gbọ́, á ní mo fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣàkóso ilé ìwòsàn òun. Jẹ́ kí ìsọjí parí, èmi fúnra mi á sọ fún un.” Mo wo obìnrin tó wẹ ọmọ mi. Mo ní kò burú, Mà. Ìsọjí parí. Mo bi í léèrè, ó ní ọ̀gá ń kanra lọ́sẹ̀ náà. Mo tún bi í, ó ní kí n ní sùúrù.

Ẹsẹ̀ alásè san, wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbé páànù èso kalẹ̀ síwájú pẹpẹ. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń retí kó sọ bí ògì ṣe fẹ́ pa á.

Ó ní, “Ẹ bá mi yin Olúwa! Nọ́ọ̀sì kan gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ju agbára mi lọ. Mo kú. Mo ní mo kú! Mo ti ń rí àwọn oníbàárà mi tó ti kú tipẹ́, wọ́n tò síwájú mi. Ìyá wa yìí ló gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí wọ́n pe orúkọ tó ju gbogbo orúkọ lọ, tí mo fi padà wá!”

Halelúyà tí ìjọ ké, àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Kò dárúkọ mi, àmọ́ ta ni kò mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí síbi tí mo jókòó sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo Mátírónì. Ó wà lórí àga iwájú nínú aṣọ funfun rẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó tó, á dìde báyìí, á ní, “Arákùnrin, rárá, kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn, nọ́ọ̀sì ló gbà ọ́.” Gbólóhùn kan péré. Ó dìde lóòótọ́. Orin ìyìn ló dá, ó sì ń jó lọ síwájú.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti máa ń pa òwe yìí tipẹ́, mi ò mọ̀ pé ara máa ń gbóná bẹ́ẹ̀ tó bá ṣẹ sí èèyàn lára. Mo jókòó. Mi ò lè dìde, mi ò lè kọrin. Bí a ṣe ń lọ sílé, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mummy, na you be dat nurse?” Mo ní rárá. Irọ́ tí mo pa fún ọmọ mi lójú títì nìyẹn, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé pé èmi ni nọ́ọ̀sì náà, àti pé èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì tí alásè yẹn sọ.

Ẹ̀rí kì í gbé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti dé etí dókítà. Ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, èmi àti Mátírónì. Bí inú bá ń bí i, Píjìn ló máa ń sọ, Píjìn ló sì fi bẹ̀rẹ̀. “Sister, who tell you say make you push glucose for my patient when I no dey?”

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i. A ti ń ṣe é tipẹ́.”

“Me? When?”

Mo yíjú sí Mátírónì. Ó ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Kò bá a sọ ọ́ rí. Gbogbo oṣù tí mo fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tí mo fi ń dùbúlẹ̀ tí mò ń gbọ̀n bí aláìsàn, tí mo fi ń sọ fún wọn pé a ti ní àṣẹ, kò sí àṣẹ kankan. Bí aláìsàn bá ti jí, Mátírónì á sọ fún dókítà pé ó mu tíì oníṣúgà, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Ó bẹ̀rù ọ̀gá ju kó bá a sọ̀rọ̀ lọ, ó sì fẹ́ kí n máa pe òun ní ìyá rere. Ó gbà fún mi ní kọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí èmi nìkan dúró níta gbangba.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ààwẹ̀, ògì, ìlérí Mátírónì pé òun á sọ fún un. Ohùn mi ń ròkè, mi ò bìkítà. Dókítà ní, “Matron, na true?”

Ó gbé orí sókè. Ó fi èdè òyìnbó tó dán mọ́rán dáhùn pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, òun kò sọ fún alátọ̀gbẹ rí pé kó gbààwẹ̀. Pé òun ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé mò ń yára jù. Ó sọ ọ́ láìgbọ̀n, ẹni tó ń sunkún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

Ta ni mo máa pè lẹ́lẹ́rìí? Alásè kò ní ta ko Ìyá Ìjọ lẹ́yìn tó ti fi èso dúpẹ́. Bàbá Hausa ti lọ sílé. Mo tiẹ̀ dé Tarauni lọ wá a, mo bá a lórí ẹní níwájú ilé, ó kí mi kú iṣẹ́, “Sannu da aiki, Malama,” inú rẹ̀ dùn pé mo wá kí òun. Ó ti rù sí i. Mi ò lè gbé aláìsàn sórí kẹ̀kẹ́ wá sí Sabon Gari kó wá jẹ́rìí lórí ògì tó mu. Mo bá a ṣe eré díẹ̀, mo sì padà.

Dókítà kò lé mi. Ó ní mo mọṣẹ́, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni ìgbọràn. Ó gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, ó gbé mi lọ sí yàrá tí a ti ń gún àwọn aláìsàn tó ń ti ilé wá, ní òdìkejì àgbàlá. Ó wá pe gbogbo nọ́ọ̀sì jọ, ó ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kan gúlúkóòsì láìgbọ́ ohùn òun, kó máa kó ẹrù rẹ̀. Òfin àtijọ́ padà wá. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ níbi iṣẹ́ yẹn ni kí nọ́ọ̀sì lè gba ẹ̀mí tó wà níwájú rẹ̀ là. Ojú mi ni wọ́n ti wó o lulẹ̀.

Mátírónì tẹ̀ lé mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bí wọ́n bá lé mi ní ọjọ́ orí yìí, ta ni á gbà mí? Ìwọ ṣì kéré, ọ̀nà rẹ ṣì gùn.” Mo sọ fún un pé kó má pè mí ní ọmọ mọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mi ò ní sọ pé mo ti dárí jì í, torí mi ò tíì dárí jì í. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Òun ló bá mi wá ilé tí mo wọ̀ sí nígbà tí mo dé Kánò tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn títí wọ́n fi gbé oníṣòwò kan wá láti ọjà Singer, ọkùnrin tó ń ta ọṣẹ àti bisikíìtì ní páálí-páálí. Àtọ̀gbẹ ni, egbò ẹsẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èébì kò jẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba abẹ́rẹ́. Ṣúgà rẹ̀ já. Nọ́ọ̀sì kékeré yẹn ló wà lórí iṣẹ́. Dókítà wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní Airport Road. Nọ́ọ̀sì náà pè é. Ó tún pè é. Ó sá lọ bá Mátírónì, Mátírónì ní kó máa pè é lọ, kò kúkú ní pẹ́ gbé e. Gúlúkóòsì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi wà ní òdìkejì àgbàlá, mò ń gún ọmọdé kan tó ń ké, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọkùnrin náà kò kú. Nígbà tí dókítà dé, tó fún un, ó lajú, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Kò lè di ṣíbí mú. Obìnrin náà ń gbọ̀n ọ́n lápá, ó ń sọ fún un pé, “Èmi ni, wò mí, èmi ni,” ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ohùn dókítà dé ọ̀dọ̀ mi látinú wọ́ọ̀dù: “Glucose dey your front and you dey call me? You no get sense?” Mo yọjú. Mátírónì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí bíi pé ìwà ọmọdé òde òní ti sú u.

Nọ́ọ̀sì náà wá bá mi ní yàrá abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó yẹ kí n dì í mọ́ra. Ìbínú ló gbà mí lọ́kàn, mo sì gbé e lé ẹni tí kò tọ́ sí. Mo ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ! O mọ̀ ọ́n ṣe! Kí ló dé tó ò fún un?”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò bínú.

“Àǹtí, ẹ̀yin náà fún alásè yẹn. Wetin dem do you?”

Obìnrin kan ti jókòó síta tó ń dúró de abẹ́rẹ́. Mo ní kó wọlé.